Apá Ọ̀tún Aránṣọ

Kò sẹ́ni tó fipá mú un o. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí àwọn ẹlẹ́nu má baà gbé tiwọn dé. Aránṣọ fúnra rẹ̀ ló ní kí ọkọ òun fi aṣọ di òun lójú, kí ó fi okùn di òun lápá sẹ́yìn, kí ó sì máa pàṣẹ fún òun bí ọ̀gá. Ẹ̀rù máa ń bà á nínú okùn náà, ẹ̀rù ọ̀hún sì ń dùn mọ́ ọn.

Wọ́n ní àdéhùn. "Jọ̀ọ́" kò dá nǹkan kan dúró, ẹkún náà kò dá a dúró. "Bọ́tìnì" nìkan ló ń tú okùn, nítorí ta ló máa ń ṣèèṣì ké bọ́tìnì?

Iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ ni kí ó máa di ẹrù mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ àjàgbé. Ẹrù tó bá mì, ṣe ni wọ́n ń fa okùn rẹ̀ le. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí wọ́n wà lẹ́nu eré wọn, aránṣọ yí èjìká díẹ̀ nínú okùn kí ara lè tù ú. Ọwọ́ ọkọ kò dúró bi orí léèrè, ó fa okùn le. Aránṣọ tún yí, ọkọ tún fà á.

Ìka rẹ̀ kọ́kọ́ ń ṣe é wìnnìwìnnì. Nígbà tó yá, kò mọ̀ wọ́n lára mọ́. Jìnnìjìnnì bò ó, kì í ṣe ti eré o. Ọwọ́ ọ̀tún yìí ló fi ń gé aṣọ, òun ló fi ń jẹun. Síbẹ̀ kò sọ̀rọ̀. Kò fẹ́ kí ọkọ rẹ̀ pè é ní ojo, kò sì fẹ́ ba adùn jẹ́. Wọ́n ní ẹnu àìmẹ́nu ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tiẹ̀ yìí, ẹnu tó dákẹ́ ló kó ọ̀ràn bá apá.

"Bọ́tìnì!" ló ké nígbẹ̀yìn.

Kò tíì pa ẹnu dé tí ọkọ ti fi ọ̀bẹ gé okùn.

"Kí ló ṣe ẹ́?"

"Ọwọ́ mi ni."

"Láti ìgbà wo?"

"Ìsinsìnyí ni."

Ọkọ gbé ọwọ́ náà sókè. Bó ṣe fi í sílẹ̀, ó já wálẹ̀ láti ọrùn ọwọ́ bí aṣọ tútù.

"Má tíì tú ojú ẹ. Mo fẹ́ fi abẹ́rẹ́ kan àwọn ìka ẹ wò. Àtàǹpàkò ńkọ́?"

Aránṣọ rò pé tí òun bá ní òun mọ̀ ọ́n, ọkàn ọkọ á balẹ̀, ọwọ́ á sì sàn tí ilẹ̀ bá fi mọ́.

"Mo mọ̀ ọ́n. Ó tiẹ̀ ta mí."

Ọkọ tú aṣọ ojú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ ọkọ lókè.

"Ìbẹ̀rù ò jẹ́ kí n lè gún ẹ. Mi ò tíì kàn ẹ́ rárá."

Aránṣọ bú sẹ́kún. "Ó ti pẹ́. Kó o tó fà á lẹ́ẹ̀kejì ni."

"Ẹnu ẹ nìkan ni mo ń gbọ́kàn lé tó o bá wà nínú okùn," ni ọkọ wí. "Tó o bá wá dákẹ́ fún mi, ìkà lo sọ mí dà, mi ò sì mọ̀."

Ó wọ̀ ọ́ láṣọ, ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀.

"Kí la máa sọ fún dókítà?" ni aránṣọ béèrè.

"Ìwọ lo máa sọ ọ́. Èmi ò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀."