Ọwọ́ Tí Kò Dún

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ àgbàdo ló gé ọwọ́ òsì Shuvai. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní ìlú Mutare, níbi tí mo ti ń ṣe ọwọ́ àtọwọ́dá, tó na ọwọ́ kan tó kù sí mi, ọkàn mi ti bá a lọ. Àmọ́ nítorí ọkùnrin mìíràn ló ṣe wá. Garikai fẹ́ mú un lọ han ìyá rẹ̀, ó sì ti bẹ̀ ẹ́ pé ìyá òun ò gbọdọ̀ mọ̀ pé ọwọ́ kan ò sí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣe ọwọ́ tirẹ̀. Mo fi ìda mọ ọwọ́ òsì tó bá ọ̀tún rẹ̀ dọ́gba, mo fi ìyẹn ṣe mọ́ọ̀dù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ni mo ti ń po àwọ̀ mọ́ rọ́bà sílíkónì, mò ń fi í wé ara rẹ̀, pupa díẹ̀, dúdú díẹ̀, títí mi ò fi mọ èyí tó jẹ́ ara nínú méjèèjì. Mo ya iṣan, mo lẹ èékánná. Ká sọ tòótọ́, mo ń fi falẹ̀ kó má baà tètè lọ.

Lọ́jọ́ tí mo wọ̀ ọ́ fún un, ó jókòó síta nínú oòrùn. Àwọn tó ń kọjá ò wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó sunkún ayọ̀.

Ní Sátidé, ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá Garikai, ó pàtẹ́wọ́ kí i bí ìyàwó ṣe ń kí ìyá ọkọ lọ́dọ̀ wa. Kò dún. Ó tún pa á, àfi bí ẹni fi aṣọ tútù na ògiri.

Ọjọ́ Ajé ló wá ròyìn fún mi. Ó ní ìyá náà ò bínú. Ó kàn fọwọ́ kan rọ́bà náà, ó wojú ọmọ rẹ̀.

"Garikai, ṣé o mọ̀?"

"Mi ò mọ̀, Màámi. Ó tàn mí ni."

Shuvai bọ́ ọwọ́ náà sílẹ̀ níwájú wọn, ó dìde.

Nígbà tó ròyìn tán, mo ní kó jókòó, ó kọ̀. Bọ́ọ̀sì Chipinge ti fẹ́ gbéra, ilé ìyá rẹ̀ ló ń lọ.

"Èmi ni mo gbàgbé pé ọwọ́ náà gbọ́dọ̀ dún," ni mo wí. "Èmi tí mò ń pàtẹ́wọ́ kí èèyàn láràárọ̀."

"Bọ̀dá, ọwọ́ ni mo ní kẹ́ ẹ ṣe. Mi ò ní kẹ́ ẹ bá mi ṣe ọkọ. Ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣẹ̀ mí."

Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tí mo ti ń tò sínú láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta dé ètè mi. Mo wá rántí pé ọwọ́ mi ni mo fi mọ irọ́ Garikai. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì, mo sì bá a gbé àpò rẹ̀ dé ibùdókọ̀.