Àlejò Nílé Bàbá Ara Rẹ̀

Attracta Gaughan ti dúró níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́ títí ẹsẹ̀ fi ń ro ó kí bọ́ọ̀sì tó já àbúrò rẹ̀ sílẹ̀. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí Malachy ti gba Ìngìláǹdì lọ ṣiṣẹ́ bíríkìlà, kò sì padà wá rí. Kò wá nígbà tí Attracta ń ṣègbéyàwó, kò wá nígbà tí ìyá wọn kú, kò wá nígbà tí Attracta di opó. Ọdọọdún ní Kérésì ló ń pè, táá béèrè bóyá òjò ń rọ̀, táá sì gbé fóònù sílẹ̀. Àfi lọ́dún yìí tó pè lójijì pé òun ti gba ilé ìsinmi kan ní Carrowdoon, ìlú wọn, fún ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tó sọ ilé tó jẹ́, Attracta wá àga jókòó. Ilé bàbá wọn ni.

Attracta fúnra rẹ̀ ló tà á. Ìyá ti kú, òrùlé ń jò, òun sì ti wà nílé ọkọ nísàlẹ̀ ọ̀nà. Ará Dublin tó rà á fi gíláàsì rọ́pò ògiri ẹ̀yìn, ó sọ ilé màlúù di balùwẹ̀, ó wá ń fi gbogbo rẹ̀ gba àwọn tó wá najú. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni Attracta ń gbà kọjá kí ojú rẹ̀ má baà kàn án.

"O ti sanra," ni Malachy wí bó ṣe sọ̀kalẹ̀.

"Ìwọ náà ti gbó bíi bàtà àgbẹ̀. Mọ́tò tí o máa háyà ńkọ́?"

"Kí ni mo fẹ́ fi mọ́tò ṣe? Ìwọ ni dẹ́rẹ́bà mi. Ìta ni mo ti fẹ́ máa jẹun lójoojúmọ́, mo sì fẹ́ dé gbogbo ibi tí àwọn àlejò ń dé."

"Ìwọ tí wọ́n bí síbí?"

"Èmi náà ni."

Ọdún kan péré ni Attracta fi jù ú, wọn kò sì fi ẹ̀gbọ́n-àbúrò dí ara wọn lẹ́nu rí. Ó gbé e dé ilé náà. Malachy fi ọwọ́ ra ògiri wọlé, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó yà sí kíṣínì láìwòlẹ̀, ó sì fi ìbàdí gbá pẹpẹ òkúta tí ará Dublin mọ sí àárín ilé.

"Ta ló gbé ògiri síbí?"

"Ẹni tó ni ín ni. Lọ kí màlúù ní balùwẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó di ìbàdí mú pẹ́.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n lọ jẹun ní ilé oúnjẹ tó wà létí èbúté. Attracta ti ń gba iwájú ibẹ̀ kọjá láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí i, kò wọ ibẹ̀ rí. Ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ kiri tẹ́ ìwé oúnjẹ síwájú wọn. Malachy kò tilẹ̀ ṣí tirẹ̀.

"Ohun tí o bá jẹ ni màá jẹ."

"Tí mo bá ní kí wọ́n gbé koríko wá ńkọ́?"

"Kí wọ́n ṣáà fi bọ́tà sí i."

Ọbẹ̀ ẹja oníwàrà ni wọ́n gbé wá, àti búrẹ́dì pupa. Malachy nawọ́ sí bíà dúdú rẹ̀, ó sì tì í ṣubú. Bíà ṣàn dé itan Attracta. Ọmọbìnrin náà sáré mú aṣọ wá, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Kí n bu òmíràn fún ọkọ yín?"

"Ọlọ́run má fi irú ọkọ bẹ́ẹ̀ san mí lẹ́san," ni Attracta wí. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Àmọ́ inú Attracta ti bàjẹ́. Bàbá wọn náà máa ń da ife nù bẹ́ẹ̀ tí ọtí bá ti pa á. Ó rò ó pé Malachy ọmùtí yìí ti mu kó tó jáde nílé.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń rìn kiri. Wọ́n dé ilé iná tó ń júwe ọ̀nà fún àwọn ọkọ̀ ojú omi, wọ́n dé etíkun oníyanrìn funfun, wọ́n dé kànga Bríd ẹni mímọ́ níbi tí àwọn aláìsàn ń so àkísà mọ́ igi láti gba ìwòsàn. Níbikíbi tí wọ́n bá dé, Malachy á kọjú sí atẹ́gùn, á béèrè pé, "Kí lo rí?"

"Omi. Àwọn erékùṣù. Ṣé ojú mi lo háyà ni?"

Malachy di apá rẹ̀ mú, ó ní kí wọ́n tẹ̀ síwájú.

Lọ́jọ́ kẹrin ó ní òun fẹ́ lọ sí ibojì ìyá wọn. Ó ra òdòdó. Nígbà tí wọ́n dé ẹnubodè itẹ́ òkú, ó ní kí Attracta má mú òun lọ, pé òun rántí ibi tí wọ́n sin bàbá sí, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ náà ni ìyá máa wà. Kò mọ̀ pé wọ́n ti ti ẹnubodè àtijọ́, wọ́n sì ti la òmíràn sí òdìkejì. Ó rìn tààrà lọ síwájú òkúta dúdú kan tó ń dán, tí wọ́n fi wúrà kọ orúkọ sí gàdàgbà. Ó kúnlẹ̀. Ó tẹ́ òdòdó sílẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú," ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Ibojì Delia Barrett ni. Delia tó bá ìyá wọn jà nítorí ilẹ̀ àbàtà tí ìyá ti ń gbẹ́ ẹrẹ̀ dúdú tí wọ́n ń sá gbẹ láti fi dáná, tí àwọn méjèèjì kò fi kí ara wọn mọ́ títí ikú fi dé.

Attracta rò pé ẹlẹ́yà ni Malachy ń ṣe. Ó gbá a ní èjìká mú.

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀? Kà á, Malachy! Kà á!"

Malachy ní, "Mi ò lè kà á."

"Kí ló dé?"

"Ojú mi ti lọ. Àárín ló kọ́kọ́ kú, bíi pé èèyàn fi àtàǹpàkò bo nǹkan. Ẹ̀gbẹ́ ló kù, òun náà ti ń lọ. Mo ní kí n wá wo ilé kó tó tán. Mo ti pẹ́ jù." Ó nu imú. "Ta ni mo ń sunkún fún?"

"Delia Barrett."

Malachy yanu. "Màmá á pa mí."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Attracta, Malachy náà bú sí i, wọ́n di ara wọn mú láàárín àwọn òkú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín náà fi di ẹkún. Attracta ṣa òdòdó náà, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó mú un lọ síbi òkúta kékeré tí èéhù ti bò. Malachy fi ìka wá orúkọ ìyá wọn lẹ́tà lẹ́tà.

Ibẹ̀ ni Attracta ti béèrè ohun tí kò béèrè lórí fóònù rí. "Èmi ni mò ń nu ara Màmá. Èmi ni mò ń bọ́ ọ. Ìwọ ló ń pè. Títí ẹ̀mí fi bọ́, 'Malachy, Malachy.' Kí ló dé tí o ò wá?"

"Mo dé èbúté ní Ìngìláǹdì," ni Malachy wí. "Mo jókòó lórí báàgì mi. Iṣẹ́ ti bọ́, ọtí ti bà mí jẹ́, ẹ̀wù tí mo wọ̀ ń rùn. Mo ń wo ọkọ̀ títí ó fi ṣí. Mo ní tí nǹkan bá dáa, màá wá. Ìgbà tí nǹkan wá dáa, ojú tì mí."

Attracta kò sọ pé òun ti dárí jì í. Ọ̀rọ̀ náà kò wá, kò sì fẹ́ parọ́ níwájú ìyá wọn.

Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn wọ́n padà sí ilé oúnjẹ etí èbúté. Attracta ka ìwé oúnjẹ sókè fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí oúnjẹ dé, ó ní, "Ẹja wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ, ọ̀dùnkún wà lósì." Ó sì ní kó má padà lọ mọ́, kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun, yàrá wà.

Malachy mi orí. "Ní Coventry tí mò ń gbé, mo mọ ọ̀nà láti yàrá mi dé ṣọ́ọ̀bù, ẹsẹ̀ mi mọ̀ ọ́n. Níbí, gbogbo ohun tí mo mọ̀ ti kúrò láyè rẹ̀. Mi ò lè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìlú mi nínú òkùnkùn."

Ó lọ. Láti ìgbà náà, ọjọ́ Sunday kan kì í kọjá kó má pè, wọn kì í sì í sọ̀rọ̀ òjò mọ́. Nígbà òtútù, obìnrin kan tó ń tọ́jú àwọn arúgbó pe Attracta pé àyà ń dun Malachy gan-an. Attracta tí kò rékọjá òkun rí wọ ọkọ̀ ojú omi lọ. Nígbà tó dé, Malachy kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Attracta tẹnu bọ̀ ọ́ létí, ó ní, "Èmi ni. Mo ti dárí jì ọ́." Kò mọ̀ bóyá ó gbọ́.

Nígbà tí Malachy kú, Attracta gbé òkú rẹ̀ wálé, wọ́n sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá wọn. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbé pósí kò mọ̀ ọ́n rí. Ṣe ni Attracta ń sọ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan pé ọmọ ibí ni.