Ọjọ́ Ikú Freydl

Mazal kò kàwé jìnnà, ṣùgbọ́n ó mọ bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún ìwé. Ọdún kọkànlélógún rẹ̀ rèé tó ti ń tọ́jú yàrá mẹ́ta tó wà lẹ́yìn ilé ìkàwé kan ní Jerúsálẹ́mù, níbi táwọn ọ̀mọ̀wé tó bá wá ṣèwádìí ọ̀rọ̀ àwọn Júù máa ń dé sí. Òun ló ń tẹ́ ibùsùn, òun ló ń fún wọn ní kọ́kọ́rọ́, òun náà ló ń nu eruku ara ìwé. Ìwé àdúrà tó bá ti gbó kì í dé ààtàn, nítorí orúkọ Ọlọ́run tó wà nínú rẹ̀. Mazal á fẹnu kò ó, á fi í sínú àpótí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Bí àpótí bá kún, àwọn tó ń sin ìwé á wá kó o lọ sí itẹ́ òkú.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó rí ọ̀kan lórí tábìlì. Èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti ká kúrò, kòkòrò ti jẹ ẹ́ gan-an. Ó fẹnu kò ó, ó fi í sínú àpótí. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n kó o lọ.

Lọ́jọ́bọ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Zelig Wainer dé láti Buenos Aires. Arúgbó ni. Kò tilẹ̀ jókòó.

"Yehiel dà? Ìwé mi dà?"

Yehiel, ọ̀dọ́kùnrin tó ń bójú tó ìwé, sáré lọ wo orí tábìlì. Ó pa dà wá bá Mazal.

"Mọ̀mọ́, ìwé àdúrà tí mo fi bébà lé lórí ńkọ́?"

"Bébà wo? Mi ò rí bébà kankan. Àkísà ìwé kan ni mo rí, ó sì ti lọ sí itẹ́."

"Yéè! Mọ̀mọ́, ẹ pa mí!"

Ìgbà yẹn ni bàbá náà jókòó. Ọmọ ọdún méjì ni nígbà tí wọ́n pa ìyá rẹ̀ nínú ogun. Kò mọ ọjọ́ tó kú, kò sì ní ọjọ́ tó lè máa tan àbẹ́là fún un lọ́dọọdún bí ọmọ Júù ṣe ń ṣe fún òbí tó kú. Aládùúgbò kan tó yè ló kọ orúkọ àwọn òkú àti ọjọ́ ikú wọn sí etí ìwé àdúrà yẹn.

"Ìwọ lo kọ lẹ́tà sí mi," ó sọ fún Yehiel. "O rí ọjọ́ náà."

"Orúkọ ni mo rí, Bàbá. Freydl Wainer. Mi ò wo ọjọ́ dáadáa. Mo ní kẹ́ ẹ wá fojú ara yín rí i."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Mazal gbé ṣọ́bìrì, ó forí lé itẹ́. Igba àpò ló wà nínú kòtò tí wọ́n ń sin ìwé sí, wọ́n sì ti fi kọnkéré bò ó.

"Ìyá, ẹ gbé ṣọ́bìrì yín lọ sílé," olórí àwọn tó ń sin ìwé sọ. "Ṣé òkú lẹ fẹ́ hú ni?"

Ó bẹ̀ ẹ́ títí. Kò gbà.

Ọjọ́ mẹ́wàá ni bàbá náà gba yàrá. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹrin, ọjọ́ Àìkú, ló dá kọ́kọ́rọ́ pa dà.

"Bàbá," Mazal ní, "ìyá yín ò ní sàárè tẹ́lẹ̀. Orúkọ wọn ti wà nínú ilẹ̀ báyìí. Ẹ mú ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ìwé náà lọ ṣe ọjọ́ ikú wọn."

"Má tù mí nínú. Ọjọ́ tìrẹ nìyẹn. Kì í ṣe ọjọ́ ìyá mi."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ìyẹn ló dun Mazal jù.

Nígbà tó wọ yàrá láti ká aṣọ ibùsùn, ó rí àbẹ́là kan lórí àga, tuntun, tí bàbá náà gbé wá láti ilé. Ó mú un lọ sí ilé ìdáná. Kò ní ọjọ́ tó lè tàn án, kò sì lè jù ú nù. Ó ṣì wà lẹ́yìn ìkòkò níbẹ̀ títí dòní.