Ilé Arúgbó Orí Òkè

Yorùbá ni Nusaybah, ọmọ mi kan ṣoṣo, sọ sí mi lórí fóònù lọ́jọ́rú. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

"Daddy, ní Saturday, mo máa mú yín lọ wo ilé arúgbó. Ó wà lórí òkè. Ó fine gan-an."

Mo ní ó dáa. Kí ni kí n sọ? Ẹ̀wà jóná mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì lóṣù kan, agogo ìkìlọ̀ iná sì lé gbogbo ará ilé wa ní Peckham jáde sínú òtútù. Mákánjúọlá ọ̀rẹ́ mi, àwọn ọmọ rẹ̀ ní kó kàn wá wo irú ilé bẹ́ẹ̀ ni. Láti ọjọ́ náà, àyè rẹ̀ ti ṣófo ní mọ́ṣáláṣí.

Inú bí mi. Mo bú Nusaybah nínú ọkàn mi, mo tún dá a láre, mo tún bú u. Èyí tó tún dà mí lórí rú jù ni Yorùbá yẹn. Láti kékeré rẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ti wà láàárín wa. Ṣé irú ọ̀rọ̀ yìí ló wá ń fi Yorùbá sọ?

Nígbà tí ọjọ́ pé, mo di ẹrù mi sínú báàgì kékeré: ẹní ìkírun, kẹ́tù àlùwàlá, jalamíà méjì, àti fọ́tò Látífàt, ìyá rẹ̀, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Mo ti ilẹ̀kùn, mo fi kọ́kọ́rọ́ sínú àpòòwé.

A wọ ọkọ̀ ojú irin ní Peckham Rye.

"Daddy, kí ló wà nínú bag yẹn? Oúnjẹ?"

"Ẹrù mi ni."

Ó rẹ́rìn-ín. Ọmọ tí mo bí ń fi mí rẹ́rìn-ín! Mo gbé e mì. Nígbà tó yá, mo bi í bóyá àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ṣe é bá gbé.

"Kò sí ẹni tó ń gbé ibẹ̀, Daddy. Gbogbo wọn ti kú."

Mo ń rò ó títí a fi sọ̀ ní ìlú kan tí n kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ dáadáa. Kí ló pa gbogbo wọn?

Òkè náà ga. Nusaybah di ìgbọ̀nwọ́ mi mú. Òyìnbó kan jókòó lẹ́nu géètì. "One adult, one senior?" ló wí, Nusaybah sì sanwó. Mo wọlé, mo ń wá ilẹ̀kùn, mo ń wá bẹ́ẹ̀dì. Ògiri òkúta tó ti wó ni mo rí, àti ẹyẹlé. Nísàlẹ̀, gbogbo ìlú tẹ́ rẹrẹ, àwọn ilé rẹ̀ kò ju páálí ìṣáná lọ.

"Níbo ni wọ́n ń sùn?"

"Ibí ni bedroom wọn." Koríko ló nàka sí.

Mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. "Nusaybah, bó o bá fẹ́ gbé mi jù sílẹ̀, ṣebí wàá wá ibi tó ní òrùlé!"

Mo na àpòòwé sí i. Ó tú u, ó wo kọ́kọ́rọ́, ó wo báàgì mi.

"Daddy, kí lẹ rò pé ibí yìí jẹ́?"

"Ilé arúgbó! Ṣebí ìwọ lo sọ ọ́! Ibi tí wọ́n ń kó àgbàlagbà sí!"

Ó fọwọ́ bo ẹnu. "No, no, no. Old house! Castle! Arúgbó, old. Ilé, house. Èmi ni mo so wọ́n pọ̀."

Ẹ̀rín gbé mi, mo rín in títí omi fi dà lójú mi, n kò sì mọ ìgbà tó di ẹkún.

"Ta ló rán ẹ níṣẹ́ Yorùbá?" mo bi í.

"Nígbà tí wọ́n ń ṣe memory test yín, Yorùbá lẹ fi dá doctor lóhùn. Ó bi mí pé kí lẹ sọ. Mi ò mọ̀ ọ́n. Daddy, tí English bá lọ tán lórí yín, ta ló máa gbọ́ yín? Mo ń lọ class, every Tuesday."

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Nusaybah nígbà tí tíṣà kan sọ pé Yorùbá ń dí i lọ́wọ́ nínú ẹ̀kọ́, tí mo sì kìlọ̀ fún Látífàt pé kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ sí i mọ́. Látífàt bẹ̀ mí, mo kọ̀. Èmi ni mo gbà á lẹ́nu ọmọ mi. Mo sọ fún un lórí òkè níbẹ̀, mo ní kó má bínú.

Ó ki kọ́kọ́rọ́ mi padà sínú àpò mi.

"Ilé àtijọ́ là ń pè é," mo wí.

"Ile atijo." Ohùn rẹ̀ wọ́ bí ìwo àgbò. Mo ní kó tún un sọ, ó tún un sọ, ó tún wọ́.

Òòrùn ti ń rọlẹ̀. Ó gbé báàgì mi kọ́ èjìká. "Báwo ni mo ṣe máa sọ let's go home?"

"Jẹ́ ká lọ sílé."

"Jẹ́ ká lọ sílé, Daddy," ó wí. Èyí kò wọ́ rárá.