Wọ́n Ń Jẹun Lọ́nà

4.
…ni wọ́n bá ní kí wọ́n da àgbá kẹta náà nù.

5.
ÌKÌLỌ̀ (lára ilẹ̀kùn)
ÀGBÁ KẸTA: ṢÚGÀ TI TÁN NÍNÚ RẸ̀. OÒGÙN TI BÀJẸ́.
A Ó DÀ Á NÙ LỌ́SÀN-ÁN ÒNÍ. — Ọ̀GÁ

6.
Ta ló ní ó tán? Yàrá àyẹ̀wò. Ta ló wà níbẹ̀? Ọkọ obìnrin tó ń ṣọ́ àgbá nílé iṣẹ́ oògùn náà. Ẹnu ọkọ yìí náà ni wọ́n gbọ́ tí wọ́n fi da àgbá àkọ́kọ́ àti èkejì nù. Ẹ wá wo nǹkan.

7.
Mo ti ń sáré jù. Ẹ jẹ́ kí n tò ó.
Àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín ló ń ṣe oògùn nínú àgbá. Ṣúgà ni wọ́n ń jẹ; bó bá tán, ebi á pa wọ́n, oògùn á bàjẹ́. Obìnrin yìí ki ọ̀pá kan bọ àgbá; ọ̀pá náà ń tanná sínú omi, ìmọ́lẹ̀ tó bá padà wá ló ń sọ iye ṣúgà tó kù, lójú ẹsẹ̀.
Onítọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń pè é láti fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ń dùn ún.
Àwọn tó ń dúró de oògùn náà wà lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn.

8. (ojú ẹ̀rọ tọ́ọ̀ṣì)
ṢÚGÀ: Ó TÓ
ṢÚGÀ: Ó TÓ

            ṢÚGÀ: Ó TÓ

9.
ỌKỌ: Ìyá Ìbejì, mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí ṣúgà.
ÌYÀWÓ: Níbo ni ìgò tí a bù láti inú àgbá wà kí ẹ tó wọ̀n ọ́n?
ỌKỌ: Lórí tábìlì. Iṣẹ́ pọ̀ níwájú mi.
ÌYÀWÓ: Ó pẹ́ níbẹ̀?
ỌKỌ: Díẹ̀.
ÌYÀWÓ: Ṣé àwọn tó wà nínú ìgò ti kú ni?
ỌKỌ: (ó wo ìgò náà)
ÌYÀWÓ: Ẹni tó bá wà láàyè á jẹun, Bàbá Ìbejì.

10.
Ọ̀gá ní bí tọ́ọ̀ṣì bá purọ́, kí tọ́ọ̀ṣì àti onítọ́ọ̀ṣì jọ máa lọ sílé.
Obìnrin náà ní ó dáa bẹ́ẹ̀.

11.
Ìgò méjì, láti inú àgbá kan náà. Ó ki ọ̀kan bọ yìnyín lójú ẹsẹ̀, kí àwọn inú rẹ̀ má lè jẹun mọ́. Ó fi ìkejì sílẹ̀ bí wọ́n ti máa ń ṣe. Ó fi méjèèjì ránṣẹ́ sí ọkọ rẹ̀.
Òun wá gbá kọ́ọ̀kì ìdí àgbá mú, ibi tí wọ́n ń gbà dà á nù. Ẹni tó bá fẹ́ ṣí i, kó kọ́kọ́ ṣí ìka rẹ̀.

12.
Ẹ̀rù ń bà á gan-an. Ó dúró.

13. (àtẹ̀jíṣẹ́ lórí fóònù)
— Ìyá Ìbejì.
— Mo ń gbọ́.
— Ti orí tábìlì: kò sí ṣúgà.
— Ti inú yìnyín ńkọ́?
— Ó tó.
— Ẹ lọ sọ fún Ọ̀gá.
[ó ń kọ̀wé]
[ó ń kọ̀wé]
— Àwọn méjì tí a ti dà nù ńkọ́? Èmi ni mo wọ̀n wọ́n.

14.
Ó fi fóònù sápò.
Ìkìlọ̀ ṣì wà lára ilẹ̀kùn. Ìró bàtà Ọ̀gá ń bọ̀.
Ó tún di kọ́ọ̀kì mú.