Ẹ Má Bínú

Iṣẹ́ ògbufọ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ojo, àmọ́ ojo paraku lọkùnrin yìí. Ogún ọdún ló ti ń jókòó sínú yàrá onígíláàsì, ẹ̀rọ létí, ẹ̀rọ lẹ́nu, tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ níbi ìpàdé ojú ọjọ́. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ta ló bọ́ síwájú? Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ obìnrin tó wò ó dàgbà, tó ń yan ẹja tà létí òkun. Òkun ti gbé ààdọ́ta ilé lọ ládùúgbò wọn. Wọ́n fẹ́ kí àwọn orílẹ̀-èdè olówó kọ́ odi tí yóò dá omi dúró, ọjọ́ náà sì ni ìpinnu.

Ìyá ní, "Ẹ má bínú o, ẹ̀yin èèyàn ńlá. Èéfín ilé iṣẹ́ yín ló ba ojú ọjọ́ jẹ́, àwa tí a ò ní ju ààrò ẹja lọ lomi wá ń lé kiri. Ẹ kọ́ odi fún wa. Kì í ṣe ọrẹ o, ẹ̀tọ́ wa ni."

Ta ni ò mọ̀ pé "ẹ má bínú" àgbà kì í ṣe ẹ̀bẹ̀? Òun náà mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá rẹ̀ ti kìlọ̀ láàárọ̀ pé kò gbọdọ̀ mú àwọn àlejò orílẹ̀-èdè olówó bínú. Ló bá ní ìyá ń tọrọ àforíjì. Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn dùn mọ́ ọn, ló bá kúkú sọ "ẹ̀tọ́" di "àánú". Ẹ wo ìranù!

Alága dáhùn pé, "A ti dárí jì yín. Ẹ ò mọ̀ pé kò yẹ kéèyàn kọ́lé sétí omi ni. A ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́." Ó lu tábìlì, ọ̀rọ̀ odi parí síbẹ̀. Ògbufọ̀ ní láti túmọ̀ ìyẹn náà sétí ìyá. Òógùn bò ó.

Nígbà tí wọ́n jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn ará àdúgbò tó bá ìyá wá yí ògbufọ̀ ká. "Ẹ̀ṣẹ̀ wo la ṣẹ̀ tí wọ́n ń dárí ẹ̀ jì wá? Àbí ògbufọ̀ yìí ló bà á jẹ́?"

Ìyá kọjú sí i. "Ọmọ mi, ṣé bí mo ṣe sọ ọ́ lo ṣe sọ ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

Irọ́ gbuu! Ojú tì í, kò lè gbójú sókè.

"Ẹ gbọ́ bí?" ni ìyá wí fáwọn yòókù. "Ẹ fọmọ mi sílẹ̀. Etí àwọn olówó yẹn ló di. Ẹnu tí mo fọwọ́ ara mi bọ́ ò lè tà mí."

Ó fi etí gèlè rẹ̀ nu òógùn ojú ògbufọ̀. "Pẹ̀lẹ́. Ooru inú ilé gíláàsì yẹn ti pọ̀ jù fún ọ."