Odidi Ẹja fún Ìyá Onídajì

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń jẹun nílé oúnjẹ kí owó má tán lápò, kó lọ bá ìyá mi. Ahun kọ́ ni wọ́n o. Aṣọ ẹlòmíràn ni wọ́n ń lọ̀ tí wọ́n fi tọ́ àwa mẹ́ta dàgbà lẹ́yìn tí bàbá wa kú, owó rẹ̀ kì í sì í pẹ́ lọ́wọ́. Síbẹ̀, bí ọ̀kan nínú wa bá yege ìdánwò, Màmá á kó wa lọ sílé oúnjẹ, torí wọ́n ní kò yẹ kí ọmọ àwọn dàgbà tán kó wá máa wò suu láàárín àwọn tó ń jẹun.

Ká tó kúrò nílé, a ó ti jẹ búrẹ́dì. Màmá ní ẹni tí ebi ń pa kì í mọ owó ná. Ọ̀sán la máa ń lọ, torí tó bá di ìrọ̀lẹ́, àwo kan náà á ti gbówó lórí. Pátákó tí wọ́n kọ iye oúnjẹ sí, láti ìsàlẹ̀ ni Màmá ti máa ń kà á lọ sókè, torí ìsàlẹ̀ ni ohun tí kò wọ́n máa ń sá pamọ́ sí. Àwo kan, ṣíbí mẹ́rin. Omi ti wà nínú báàgì. Bí oúnjẹ bá dé, ìdajì rẹ̀ á kọ́kọ́ wọnú ike tá a gbé wá láti ilé, ìyẹn ti ọ̀la. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́, Màmá á wí bẹ́ẹ̀, wọ́n á dé ike. Àwọn tó ń gbé oúnjẹ ló sọ wọ́n ní Ìyá Onídajì. Màmá ò bínú sí i. Wọ́n ní orúkọ tí kò bá ti ná àwọn lówó, kí wọ́n máa pè é lọ.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, ilé ìwòsàn la ti ń bọ̀. Kókó kan wà nínú ikùn Màmá, àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n sì fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn. Dókítà ti gba ẹ̀jẹ̀, ó ti fọwọ́ tẹ ikùn, ó ní kò séwu. Mi ò fẹ́ràn bó ṣe sọ ọ́. Fíríìjì ni mò ń tún ṣe, bẹ́ẹ̀ lèmi náà sì máa ń wí fún oníbàárà tí fíríìjì rẹ̀ bá ti fẹ́ kú, kó lè fi mí lọ́rùn sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ní Màmá lè jẹun lọ́sàn-án yẹn, àmọ́ bó bá ti di alẹ́, wọn ò gbọ́dọ̀ fi nǹkan kan kan ẹnu mọ́. Bá a ṣe bọ́ sí títì, Màmá ní ká yà sílé oúnjẹ tó wà lódìkejì. Inú mi dùn díẹ̀. Mo ní ẹni tó ń ronú oúnjẹ ò ronú ikú.

Àfi bí Màmá ṣe kọjá lára pátákó tí wọn ò wò ó. Ìdí fèrèsé ni wọ́n lọ jókòó sí, níbi tí fáànù ti ń fẹ́ dáadáa, wọ́n bọ́ bàtà sábẹ́ tábìlì. Ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ wá bá wa.

"Ọmọ mi, ẹja wo ló tóbi jù lọ́dọ̀ yín?"

"Èyí tá à ń yan ni, Màmá. Ṣé kí n gé e sí méjì?"

"Má gé e. Odidi ni kó o gbé wá. Bu ìrẹsì sí i, kó kún. Kó o tún bá mi mú ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan wá, èyí tó tutù."

Ara mi tutù ṣáájú ọtí. "Màmá, ẹ ò tíì béèrè iye rẹ̀."

"Mo mọ̀."

"Ẹ jẹ́ ká gba àwo kan, ká jọ jẹ ẹ́."

"Rárá o. Tèmi nìyẹn. Ìwọ náà sọ tìẹ."

"Ṣé ká wá bu ìdajì pa mọ́? Ẹ ó jẹ ẹ́ bẹ́ ẹ bá ti kúrò nílé ìwòsàn."

Wọ́n kọjú sí fèrèsé.

Ara mi ò lélẹ̀ mọ́. Fíríìjì kan wà ní kọ̀rọ̀, á kùn, á dákẹ́, á tún kùn. Mo dìde lọ fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀, ó gbóná jù. Mo padà wá jókòó. Mo tún dìde lọ ka pátákó láti ìsàlẹ̀, òkè pátápátá ni mo ti bá ẹja yẹn. Mo sọ fún Màmá pé ẹnì kan ń pè mí, mo bọ́ síta. Kò sẹ́ni tó pè mí. Èmi ni mo pe àbúrò mi obìnrin.

"Màmá ti ra oúnjẹ," mo wí.

"Kí ni wọ́n rà?"

"Odidi ẹja."

"Ti ta ni?"

"Tiwọn nìkan."

"Wọ́n béèrè iye rẹ̀?"

"Wọn ò béèrè."

Mo gbọ́ bó ṣe mí kanlẹ̀, lẹ́yìn náà ló bú sẹ́kún. "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ gba ẹja yẹn lọ́wọ́ wọn. Ẹ ní kí wọ́n jẹ ìrẹsì lásán bí wọ́n ṣe máa ń ṣe."

Àfi bíi pé ẹja ló fẹ́ pa wọ́n. Ohun tó tún wá burú ni pé ọ̀rọ̀ náà bá mi lára mu. Bí Màmá bá lè ṣọ́ owó ná lónìí, wọ́n á jí lọ́la: bí ọkàn mi ṣe ń rò ó nìyẹn, ó sì kọ̀ láti rò ó lọ́nà mìíràn.

Nígbà tí mo padà wọlé, ẹja ti dé, ìrù rẹ̀ yọ kọjá etí àwo. Mo pe ọmọbìnrin náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gbé e padà, kí ẹ gé e sí méjì."

Ó wo èmi, ó wo Màmá.

"Máa lọ, ọmọ mi," Màmá wí. "Ẹ̀rù ló ń bà á." Wọ́n kọjú sí mi. "Jókòó."

Mo jókòó. "Ẹ fẹ́ dágbére fún wa ni, àbí? Ẹ kúkú sọ ọ́ síta. Ẹ rò pé ẹ ò ní padà wálé lẹ ṣe ń náwó bí ẹni tí ò ní ọ̀la."

Ohùn mi ti ga ju bó ṣe yẹ lọ, àwọn tó wà nítòsí ti ń wò wá. Ẹyin lọ̀rọ̀, ó sì ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Màmá rọra mu nínú ọtí ẹlẹ́rìndòdò wọn, wọ́n gbé e kalẹ̀.

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà," wọ́n wí. "Látàárọ̀ ni àyà mi ti ń já. Mi ò mọ̀ bóyá màá jí. Dókítà náà ò mọ̀, ó kàn ń fi ọ̀rọ̀ tù wá nínú ni. Ṣùgbọ́n ti ẹja yìí yàtọ̀."

"Báwo ló ṣe yàtọ̀?"

"Gbogbo ìgbà tí mo kó yín wá sílé oúnjẹ, mi ò yó rí. Ojú ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á wà lára ṣíbí mi. Bí mo bá ti bù ú sẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì, màá ní ó ti tó mi. Ó wá mọ́ mi lára. Ẹ dàgbà, ẹ ń ṣiṣẹ́, mo ṣì ń ní ó ti tó mi. Lọ́la, wọ́n fẹ́ la ikùn yìí. Mo fẹ́ kó kún lẹ́ẹ̀kan ná, kí n mọ bó ṣe ń rí. Mi ò dágbére fún ẹnikẹ́ni. Ebi ló ń pa mí."

Omijé lé ròrò sójú mi, mo fi apá ẹ̀wù nù ún, ó tún dé.

"Bó o bá fẹ́ sunkún, bọ́ síta," Màmá wí. "Má da omi sínú oúnjẹ mi."

Mi ò bọ́ síta. Mo lọ fọwọ́, mo fa àga mi sún mọ́ tiwọn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yọ egungun ẹja náà, torí ojú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Wọ́n kọ́kọ́ di ọwọ́ mi mú. Nígbà tó yá, wọ́n fi í sílẹ̀. Mò ń kó ẹran rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrẹsì, Màmá ń jẹ ẹ́, wọn ò yára. Wọ́n jẹ apá kan tán, mo yí i padà. Lódìkejì títì, àwọn kan ń wọ ilé ìwòsàn, àwọn kan ń jáde. Mi ò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu látàárọ̀, Màmá sì mọ̀. Wọ́n jẹ ẹja náà tán torí-tìrù, wọ́n lá ìka wọn, wọn ò bi mí bóyá èmi ti jẹun.